Yíyan sọ́fítíwíà àtúntò fídíò

Sọ́fítíwíà àtúntò fídíò jẹ́ ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń gé fídíò, tí a fi ń tò ó, tí a sì fi ń so ohùn, orin, àkọlé àti àwọ̀ pọ̀ mọ́ ọn títí tí yóò fi di odindi iṣẹ́ tí ènìyàn lè wò. Iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ẹ́díìtì. Ẹni tí ó sì ń ṣe é ni a ń pè ní olóòtú fídíò. Lára èyí tí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ń lò jù ni Avid Media Composer, Adobe Premiere Pro, Final Cut Pro àti DaVinci Resolve. Lára èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí kóòdù rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ni Kdenlive, Shotcut àti OpenShot.

Fún olùbẹ̀rẹ̀, ìbéèrè èwo ni ó dára jù lọ kọ́ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú, nítorí pé gbogbo wọn ni ó lè gé fídíò, tí wọ́n sì lè tò ó. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni irú kọ̀ǹpútà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè, bí a ṣe ń san owó rẹ̀, irú fáìlì tí ó lè ṣí, àti àwọn ènìyàn tí olóòtú náà yóò bá ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí yẹ̀ wò lè ná owó sórí ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lè gbé, tàbí kí ó rí i lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pé òun kò lè ṣí iṣẹ́ tí òun fúnra òun ṣe mọ́.

## Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Sọ́fítíwíà àtúntò fídíò òde òní kì í fọwọ́ kan fáìlì tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń kọ àkọsílẹ̀: láti ìṣẹ́jú àáyá báyìí dé ìṣẹ́jú àáyá báyìí nínú fáìlì kìíní ni kí ó kọ́kọ́ hàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni kí apá kan nínú fáìlì kejì tẹ̀ lé e, kí orin bẹ̀rẹ̀ níbí, kí ohùn sì lọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àkọsílẹ̀ yìí ni a ń pè ní fáìlì iṣẹ́. Ó máa ń kéré gan-an, nítorí pé àwòrán kò sí nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ó lọ sí ibi tí àwòrán wà nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àwòrán fi máa ń dàwátì bí olóòtú bá kó fáìlì kámẹ́rà kúrò ní fólídà rẹ̀ tàbí tí ó yí orúkọ rẹ̀ padà. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí ni sọ́fítíwíà yóò ka àkọsílẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí yóò sì ṣe fáìlì fídíò tuntun jáde.

Ojú ìwòye gbogbo wọn fara jọra. Apá kan wà tí a ń kó àwọn ègé fídíò sí, apá kejì wà tí a ti ń wo àwòrán, apá kẹta sì ni ìlà àkókò, níbi tí a ti ń to àwọn ègé náà tẹ̀ lé ara wọn láti òsì lọ sí ọ̀tún. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ìmọ̀ tí olùbẹ̀rẹ̀ bá kọ́ lórí ọ̀kan ni yóò wúlò fún un lórí òmíràn.

## Ìtàn ní ṣókí

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, fíìmù gan-an ni àwọn olóòtú máa ń fi ọwọ́ gé, tí wọ́n sì máa ń lẹ̀ pọ̀. Ẹ̀rọ Moviola, tí Iwan Serrurier gbé jáde fún àwọn olóòtú Hollywood ní 1924, fún wọn ní àǹfààní láti máa wo àwòrán bí wọ́n ti ń gé e. Àwọn fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́, irú Àjàní Ògún tí Ola Balogun darí ní 1976, wà ní ìgbà tí a ṣì ń fi fíìmù gidi ṣiṣẹ́.

Nígbà tí téèpù fídíò dé, gígé pẹ̀lú àbẹ dín kù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn yọjú. Olóòtú ní láti máa da àwòrán láti orí téèpù kan sí orí èkejì ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Bí ó bá fẹ́ fa ìran kan gùn ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé ìran náà ni yóò tún ṣe. Ẹ̀rọ CMX 600, tí ilé-iṣẹ́ CBS àti Memorex jọ gbé kalẹ̀ ní 1971, ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí olóòtú lè fo sí ibi tí ó bá wù ú láìka ètò téèpù sí, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ni a ṣe.

Ilé-iṣẹ́ Avid, tí Bill Warner dá sílẹ̀ ní Massachusetts ní 1987, ṣe àfihàn Avid/1 ní 1989. Adobe gbé Premiere jáde ní 1991. Ní 1997, fíìmù The English Patient, tí Walter Murch fi Avid tò, gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún ìtòpọ̀ fíìmù. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ tí a fi kọ̀ǹpútà tò tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ náà. Apple gbé Final Cut Pro jáde ní 1999, Murch yìí kan náà sì fi í to Cold Mountain, tí ó jáde ní 2003. Láti ìgbà náà ni èrò pé ẹ̀rọ olówó iyebíye nìkan ni ó lè ṣe fíìmù ńlá ti ń dín kù.

## Àwọn sọ́fítíwíà tí ó gbajúmọ̀

### Avid Media Composer

Èyí ni ó ti pẹ́ jù nínú àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ńlá ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Agbára rẹ̀ pàtàkì ni pé ọ̀pọ̀ olóòtú lè ṣiṣẹ́ lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà láìsí pé ọ̀kan ń ba ti èkejì jẹ́. Ó máa ń nira fún olùbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ní ètò tirẹ̀ nípa bí a ṣe gbọ́dọ̀ kó fáìlì wọlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ilé-iṣẹ́ tí ó ń lò ó ni ó yẹ kí ó kọ́ ọ. Ẹni tí ó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá rẹ̀ kò nílò rẹ̀.

### Adobe Premiere Pro

Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti macOS, kò sì sí fún Linux. Láti 2013 tí Adobe ti fi ètò Creative Cloud ṣíwájú, kò sí ẹ̀dà tuntun tí a lè rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Oṣooṣù tàbí ọdọọdún ni a ń san owó rẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó bá After Effects àti Photoshop ṣe déédéé, àti pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìpolówó àti àwọn tí ó ń ṣe fídíò fún íntánẹ́ẹ̀tì ń lò ó. Fíìmù Gone Girl (2014) àti Everything Everywhere All at Once (2022), tí ó gba Oscar fún ìtòpọ̀ fíìmù, ni a fi Premiere Pro tò.

### Final Cut Pro

Ní ti kọ̀ǹpútà, Mac nìkan ni ó wà fún. Láti 2011 ni Apple ti ń tà á ní dọ́là 299.99 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìlà àkókò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù: bí a bá yọ ègé kan kúrò, àwọn tí ó kù yóò sún mọ́ ara wọn láti dí àlàfo náà. Èyí máa ń yára fún olùbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń dà bí ohun àjèjì sí ẹni tí ó ti mọ òmíràn tẹ́lẹ̀. Ó máa ń yá gan-an lórí kọ̀ǹpútà Apple, nítorí pé ọwọ́ kan náà ni ó ṣe kọ̀ǹpútà àti sọ́fítíwíà.

### DaVinci Resolve

Ilé-iṣẹ́ da Vinci Systems, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Florida ní 1984, ni ó ni ín ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀rọ títún àwọ̀ fíìmù ṣe ni wọ́n ń ṣe, olówó nìkan sì ni ó lè rà á. Blackmagic Design ti orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2009, wọ́n sì gbé ẹ̀dà ọ̀fẹ́ jáde ní 2011. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ètò àtúntò fídíò, ètò ohùn tí ń jẹ́ Fairlight (2017) àti ètò idán àwòrán tí ń jẹ́ Fusion (2018) kún un. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ kì í fi àmì ilé-iṣẹ́ sára fídíò, ó sì lè ṣe fídíò jáde dé ìwọ̀n 3840 × 2160. Ẹ̀dà Studio, tí a ń tà ní dọ́là 295 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni ó ní àwọn irinṣẹ́ tí ó kù, irú èyí tí ó ń mú ariwo kúrò lára àwòrán tí a yà nínú òkùnkùn. Ohun tí ó ń dí olùbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ni pé ó fẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó lágbára.

### Kdenlive, Shotcut àti OpenShot

Sọ́fítíwíà òmìnira ni àwọn mẹ́ta yìí. Kò sí owó, kò sí fífi orúkọ sílẹ̀, kò sì sí òfin tí ó ní kí ènìyàn má fi wọ́n ṣe iṣẹ́ owó. Kdenlive, tí Jason Wood bẹ̀rẹ̀ ní 2002, wà lábẹ́ àjọṣe KDE báyìí; òun ni ó sún mọ́ ti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ jù nínú wọn. Gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára púpọ̀ sì lè gbé wọn. Àléébù wọn ni pé ilé-iṣẹ́ tí ó ń gba olóòtú síṣẹ́ kì í sábà béèrè wọn.

### Àwọn áàpù orí fóònù

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, pẹ̀lú áàpù irú CapCut, tí ByteDance ni. Wọ́n yára fún fídíò kúkúrú. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bá di ogún ìṣẹ́jú, tí kámẹ́rà di méjì, tí ohùn sì wà lọ́tọ̀, ojú fóònù kì í gbà á mọ́. Ẹni tí ó ti mọ ibi tí ó yẹ kí a ti gé ìran lórí fóònù ti kọ́ ohun tí ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà. Irinṣẹ́ nìkan ni ó kù tí yóò pààrọ̀.

## Ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé yẹ̀ wò

### Kọ̀ǹpútà tí ó wà nílẹ̀

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kọ̀ǹpútà tí ó wà lọ́wọ́ olùbẹ̀rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pinnu ohun tí yóò lò. Àwòrán kan nínú fídíò 1920 × 1080 ní tó-tò-tó 2,073,600. Àwòrán kan nínú fídíò 3840 × 2160, tí a ń pè ní 4K, ní 8,294,400, ìlọ́po mẹ́rin gééré. Ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ 25 tàbí 30 kí fídíò tó lè lọ geere lójú olóòtú.

Fún DaVinci Resolve, ìrántí iṣẹ́, èyí tí a mọ̀ sí RAM, tí ó tó 16 GB ni àwọn tí ó ṣe é dámọ̀ràn, 32 GB sì ni fún ẹni tí yóò lo Fusion. Ó tún gbára lé káàdì àwòrán púpọ̀. Premiere Pro lè ṣí lórí 8 GB, ṣùgbọ́n 16 GB ni ó rọrùn fún fídíò lásán. Láàpútọ́ọ̀pù tí ó ní 8 GB, tí kò sì ní káàdì àwòrán tirẹ̀ lọ́tọ̀, yóò bá Kdenlive tàbí Shotcut ṣe ju Resolve lọ. Mac tí ó ní ẹ̀rọ M1 tàbí èyí tí ó tẹ̀ lé e máa ń ṣe dáadáa pẹ̀lú Final Cut Pro àti Resolve.

Ọ̀nà kan wà tí kọ̀ǹpútà aláìlágbára fi lè ṣe iṣẹ́ ńlá. Sọ́fítíwíà yóò ṣe ẹ̀dà kékeré fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, olóòtú yóò fi ẹ̀dà kékeré náà ṣiṣẹ́, nígbà tí ó bá sì fẹ́ ṣe fídíò jáde, sọ́fítíwíà yóò padà sí fáìlì gidi. Premiere Pro, Final Cut Pro, Resolve, Kdenlive àti Shotcut ni ó ní ètò yìí. Kí ènìyàn tó pinnu láti ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀.

### Owó àti ìwé-àṣẹ

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà ní sọ́fítíwíà: ọ̀fẹ́, rírà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti sísan owó oṣooṣù. Owó oṣooṣù máa ń dà bí ohun kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ ṣe. Fún ẹni tí ó ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ní náírà, nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: bí a bá gbé iye owó ka orí dọ́là, iye náírà tí yóò san lè yí padà láìjẹ́ pé sọ́fítíwíà náà yí padà. Bí kò bá sì lè san mọ́, fáìlì iṣẹ́ rẹ̀ yóò ṣì wà lórí dísìkì, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tí yóò fi ṣí i.

Ayédèrú sọ́fítíwíà, èyí tí a já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́pọ̀ ní ọjà kọ̀ǹpútà. Yàtọ̀ sí pé ó lòdì sí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ, ó máa ń gbé kòkòrò kọ̀ǹpútà wọlé, kì í gba àtúnṣe láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́, ó sì lè kọ̀ láti ṣí ní ọjọ́ tí oníbàárà ń dúró de iṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀dà ọ̀fẹ́ Resolve àti àwọn sọ́fítíwíà òmìnira ti wà, kò sí iṣẹ́ olùbẹ̀rẹ̀ kan tí ó nílò ayédèrú.

### Irú fáìlì

Púpọ̀ kámẹ́rà àti fóònù ń lo H.264 tàbí H.265. Wọ́n ń fún fídíò pọ̀ kí ó lè kéré, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ní láti ṣe iṣẹ́ púpọ̀ láti tú wọn. ProRes ti Apple àti DNxHD ti Avid máa ń tóbi jù wọ́n lọ, wọ́n sì rọrùn fún kọ̀ǹpútà láti gé. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ Resolve lórí Linux kì í ṣí H.264, ẹni tí ó ń lo Linux gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí fáìlì rẹ̀ padà, tàbí kí ó yan Kdenlive.

Àyè orí dísìkì náà ṣe pàtàkì. Fídíò tí ó ń gba mẹ́gábíìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò gba nǹkan bí 45 GB fún wákàtí kan. Ẹni tí ó bá fi kámẹ́rà méjì ya ìgbéyàwó fún wákàtí márùn-ún ti ní 450 GB lọ́wọ́ kí ó tó gé ohunkóhun.

Fóònù tún ní ìṣòro tirẹ̀. Iye àwòrán tí ó ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kì í dúró lójú kan; ó lè lọ sókè tàbí sílẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá ti rí. Nínú àwọn sọ́fítíwíà kan, èyí máa ń mú kí ohùn àti ẹnu olùsọ̀rọ̀ máa ya ara wọn díẹ̀díẹ̀ bí fídíò ti ń gùn sí i. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ HandBrake lè sọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ di èyí tí iye rẹ̀ dúró lójú kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

### Àwọn tí a ó jọ ṣiṣẹ́

Bí olùbẹ̀rẹ̀ bá ní ọ̀gá tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ wọ̀, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣíwájú. Ẹni tí ó bá jókòó ti ọmọ-iṣẹ́ tí ó sì fi ibi tí ó ti ṣìnà hàn án wúlò ju àkójọ irinṣẹ́ èyíkéyìí lọ. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó wo èyí tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ pọ̀ jù lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní èdè tí ó gbọ́.

### Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú

Fáìlì iṣẹ́ tí sọ́fítíwíà kan kọ kì í sábà ṣí nínú òmíràn. Ní 2011, nígbà tí Apple gbé Final Cut Pro X jáde, kò lè ṣí iṣẹ́ tí a ṣe nínú Final Cut Pro 7, Apple sì dá títà ti àtijọ́ dúró. Inú bí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gidigidi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kó lọ sí Premiere Pro àti Avid. Àwọn mìíràn kò kúrò lórí èyí tí wọ́n mọ̀: Yang Jin-mo ṣì fi Final Cut Pro 7 to fíìmù Parasite ti Kòríà, tí ó jáde ní 2019.

Àwọn fáìlì ìpàṣípààrọ̀ wà, irú XML, AAF àti EDL, tí ó lè gbé ètò ìgékúrú láti inú sọ́fítíwíà kan lọ sí òmíràn. Ibi tí a ti gé ìran ni wọ́n ń gbé lọ. Àkọlé, idán àwòrán àti àwọ̀ kì í sábà bá wọn dé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá parí iṣẹ́ pàtàkì gbọ́dọ̀ fi fídíò tí ó dára jù lọ pamọ́ pẹ̀lú fáìlì iṣẹ́, kí ó sì tún fi ẹ̀dà tí kò ní àkọlé àti èyí tí ohùn àti orin rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kún un. Bí sọ́fítíwíà bá tilẹ̀ kásẹ̀ ńlẹ̀, iṣẹ́ náà yóò ṣeé tún ṣe.

## Kíkọ èdè Yorùbá sórí àwòrán

Fún ẹni tí yóò máa kọ àkọlé tàbí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ní èdè Yorùbá, ìdánwò kan wà tí kì í sí nínú àwọn àfiwé tí a ń kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ètò Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo. Lẹ́tà ni a ó kọ́kọ́ kọ, tí a ó sì gbé àmì ohùn lé e lórí pẹ̀lú kóòdù kejì. Sọ́fítíwíà tàbí irú lẹ́tà tí kò bá mọ èyí yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹwà lásán. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n. Bí àmì bá bọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ àwòrán, ẹni tí kò gbọ́ ohùn eléré, pàápàá adití tí ó ń kà á, yóò ní láti máa méfò.

Kí olùbẹ̀rẹ̀ tó yan sọ́fítíwíà, kí ó kọ gbólóhùn kan tí ó ní gbogbo àmì wọ̀nyí sínú irinṣẹ́ àkọlé rẹ̀, irú «Ọkọ mi ra ọkọ̀, ó ra ọkọ́, ó sì ra ọ̀kọ̀», kí ó sì ṣe fídíò kékeré jáde láti rí i bóyá ohun tí ó kọ ni ó hàn. Irú lẹ́tà Noto Sans, Charis SIL àti Gentium gbé àmì Yorùbá dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ sínú fáìlì SRT lọ́tọ̀, a gbọ́dọ̀ fi í pamọ́ ní UTF-8, kí àmì ohùn má baà di wúruwùru nígbà tí a bá kó o wọlé.

## Iná mànàmáná àti íntánẹ́ẹ̀tì

Níbi tí iná mànàmáná kì í dúró, kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní bátìrì lè kú láàrin iṣẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn sọ́fítíwíà yìí lè máa fi iṣẹ́ pamọ́ fúnra wọn. Olùbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ibi tí a ti ń ṣètò rẹ̀, kí ó sì dín àkókò rẹ̀ kù sí ìṣẹ́jú márùn-ún tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣíṣe fídíò jáde ni ó máa ń gba agbára kọ̀ǹpútà jù. Láàpútọ́ọ̀pù kì í pẹ́ lórí bátìrì nígbà náà, iṣẹ́ tí ó bá sì já láàrin yóò sábà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ amúnáwá gbọ́dọ̀ fi epo tí yóò jó ní àkókò yìí kún ìṣirò owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, Premiere Pro ní láti máa yẹ ìwé-àṣẹ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ Resolve àti àwọn sọ́fítíwíà òmìnira lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí a bá ti gbé wọn wọlé.

## Ìdánwò kí a tó yàn

Dípò kíka àfiwé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, olùbẹ̀rẹ̀ lè mú sọ́fítíwíà méjì péré, kí ó sì fi iṣẹ́ kan náà tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ dán wọn wò. Iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní:

* fáìlì láti inú kámẹ́rà tàbí fóònù tí yóò máa lò gan-an;
* ohùn tí a gbà lọ́tọ̀, tí a ó so mọ́ àwòrán;
* orin tí yóò lọ sílẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀;
* àkọlé kan pẹ̀lú àmì ohùn;
* ìran méjì tí àwọ̀ wọn kò dọ́gba, tí a ó mú dọ́gba;
* fídíò tí a ṣe jáde, tí a sì wò lórí fóònù ẹlòmíràn.

Kí ó wo iye ìgbà tí sọ́fítíwíà náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, bí fídíò ti ń lọ geere sí, àti bí ó ti pẹ́ tó kí fídíò tó jáde. Kí ó sì ti sọ́fítíwíà náà pa, kí ó tún un ṣí ní ọjọ́ kejì, kí ó rí i bóyá iṣẹ́ náà wà bí ó ti fi í sílẹ̀. Final Cut Pro àti Premiere Pro ní àkókò ìdánwò ọ̀fẹ́ fún ìdí yìí.

## Àwọn èrò tí kò tọ̀nà

Èrò kan tí ó wọ́pọ̀ ni pé sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kò lè ṣe iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ìtàn Resolve fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ohun tí ó jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ olówó ńlá nìkan di ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Èkejì ni pé sọ́fítíwíà tuntun ni ó ń ṣe fíìmù rere. Parasite tako èyí, nítorí pé sọ́fítíwíà tí Apple ti pa tì fún ọdún púpọ̀ ni a fi tò ó, ó sì gba Oscar fún fíìmù tí ó dára jù lọ.

Ẹ̀kẹta ni pé ó yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ máa pààrọ̀ sọ́fítíwíà bí òmíràn ti ń jáde. Gbogbo ìpààrọ̀ ni ó ní iye tirẹ̀: bọ́tìnnì tuntun, fáìlì iṣẹ́ tí kò ní ṣí mọ́, àti ọ̀sẹ̀ tí ọwọ́ yóò fi lọ́ra. Ìdí tí ó tó láti pààrọ̀ ni pé iṣẹ́ kan wà tí èyí tí ó wà lọ́wọ́ kò lè ṣe, tàbí pé àwọn tí a fẹ́ bá ṣiṣẹ́ ń lo òmíràn. Àkókò tí ó dára jù láti ṣe é ni ìgbà tí iṣẹ́ kan bá ti parí, kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.